Alásè Tiwa Nìkan

Ọkọ ti àwo ọbẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ gbé síwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Gbé e kúrò! Láti ọ̀la, ó di ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó tún rí ọbẹ̀ oníyọ̀ rẹ yìí."

Ó ju ìwé aláwòrán kan sórí tábìlì. Àwòrán ilé ìgbafẹ́ funfun kan tí wọ́n ń pè ní fíllà ló wà nínú rẹ̀, ní erékùṣù kan ní Gíríìsì, pẹ̀lú omi ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń lọ. Wọn ò mú ìyàwó kankan dání.

"Wo ohun tí wọ́n kọ: self-catering. Caterer, alásè tiwa nìkan! Kí n tó jí, oúnjẹ ti délẹ̀."

"Ẹ kú oríire, Bàbá Bùnmí."

"Ìlara ló ń ṣe ọ́. Di báàgì mi kí n tó dé, má sì gbàgbé ohunkóhun tí mo máa lò níbẹ̀."

Ó lọ ra epo sí mọ́tò. Bó ṣe jáde ni fóònù dún. Ọ̀gbẹ́ni Mákánjúọlá tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn ní àdúgbò Sharpstown ni.

"Madam, ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá pé kíṣìnì wà ní fíllà yẹn, ṣùgbọ́n kò sí alásè o. Ìtumọ̀ self-catering ni pé àlejò ló ń dáná fúnra rẹ̀. Ṣé wọ́n mọ oúnjẹ sè ṣá?"

"Wọ́n mọ̀ ọ́n sè dáadáa."

Ìyàwó gbé fóònù sílẹ̀. Ó jókòó, ó jẹ ọbẹ̀ náà tán. Lẹ́yìn náà ló ki ọmọrogùn bọ àárín àwọn ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó sì fa síìpù báàgì náà pa.