Ẹni Kan Ṣoṣo Tó Wá Gbọ́ Òfin

Ọ̀jọ̀gbọ́n òfin tí ọba fi joyè ń rìn síwá sẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn òfìfo. Ó ti pẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kankan ò ti wá gbọ́ òfin Róòmù àtijọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ti wà nílé ẹjọ́ bíṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́ ogún, tó ti máa gbẹjọ́ rò fún oníbàárà kan lọ́la. Obìnrin kan wọlé, ó jókòó.

"Ìyáàfin, wọn kì í kọ́ obìnrin níbí."

"Mo mọ̀, sà. Ọkọ mi sọ lójú ẹlẹ́rìí, kó tó kú, pé kí n jogún ilé wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ lọ̀rọ̀ ẹnu. Ó fẹ́ lé èmi àtàwọn ọmọ síta, ọ̀la sì ni ẹjọ́ wa nílé ẹjọ́ bíṣọ́ọ̀bù."

Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró. "Kí lorúkọ ẹ̀gbọ́n ọ̀hún?"

"Josias Penfold. Wọ́n ní ó ti gba agbẹjọ́rò kan tẹ́nikẹ́ni ò borí rí. Ṣé ẹ mọ agbẹjọ́rò náà, sà?"

Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó tún lọ. Nígbà tó yá, ó ti ilẹ̀kùn, ó gorí àga oyè rẹ̀, ó jókòó.

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ fetí sílẹ̀, kí n kọ́ yín bí ẹ ó ṣe borí rẹ̀ lọ́la."