Wọ́n Ní Ládánì Ìrẹmọ Mutí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1. Àyàndá ni ládánì tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí kan ní Ìrẹmọ, Ilé-Ifẹ̀. Ní 1986, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yẹ̀, ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Sàdíátù ìyàwó rẹ̀ bá rẹ egbò igi sínú omidùn fún un láti máa mu, àgbo tí òórùn rẹ̀ kan bí ọtí.

Lágúnjú, olówó tí ìjọ fẹ́ fi joyè Bàbá Àdínì, bá a níbi àlùwàlá. Búútà já bọ́ lọ́wọ́ ládánì. Lágúnjú na imú sí i lẹ́nu.

"Họ̀wù! Ọtí lo mu wá sílé Ọlọ́run?"

"Alájì, àgbo ni. Ẹ bi Sàdíátù."

"Kí n bi ẹni tó ń bá ọ gbé ìgò pamọ́? Kúrò níbí!"

Ìjọ gbọ́ ti Lágúnjú, wọn ò gbọ́ ti Àyàndá. Wọ́n yọ ọ́ nípò. Ṣé torí pé tálákà ni kò ṣe lẹ́nu ni?

2. Ṣàkírátù ọmọ rẹ̀, olùkọ́ ní Èdúnàbọ̀n, fà á lọ sí ọsibítù. Wọ́n ya fọ́tò orí rẹ̀. Dókítà Kọ́lápọ̀ ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló ya bàrá, tó ń tẹ ìdí ọpọlọ, níbi tó ń darí ìrìn àti ọ̀rọ̀.

Ṣàkírátù bi í pé, "Bí a bá fi sílẹ̀ ńkọ́?"

"Bàbá ò ní lè gbé itọ́ mì mọ́. Iṣẹ́ abẹ ló kù."

Àyàndá ní, "Ẹ là á. Orí tí wọ́n ní ọtí kún inú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ wo ohun tó wà níbẹ̀!"

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n la ẹ̀yìn etí rẹ̀, wọ́n gbé iṣan náà kúrò lára ọpọlọ, wọ́n fi ohun rírọ̀ bí òwú sáàárín wọn. Nígbà tó jí, ó pe ìyàwó rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà já gaara:

"Sàdíátù, àgbo rẹ yẹn korò jù o!"

Obìnrin náà ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

3. Nígbà tí ara Àyàndá yá, Ṣàkírátù dìde láàárín ìjọ, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Lágúnjú ní, "Mi ò mọ̀ pé àìsàn ni."

Lèmọ́mù dá a lóhùn: "Ẹ ò béèrè ni, Alájì."

Wọ́n fi oyè Bàbá Àdínì fún ẹlòmíràn, wọ́n sì dá Àyàndá padà sípò. Ní Jímọ̀ọ̀ tó tẹ̀ lé e, Àyàndá pe ìrun, ohùn rẹ̀ dún dé Ẹnuwá níwájú ààfin. Àwọn ìyá pariwo ayọ̀, wọ́n ń ki ara wọn kú oríire.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yẹ̀, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má ṣe sọ aláìsàn di ẹlẹ́ṣẹ̀ nítorí pé olówó ló fẹ̀sùn kàn án. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.