Ìjókòó Iwájú

Ìgbà kẹta nìyí tí Fẹ́hìntọ́lá máa dá ọkọ̀ dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Jọ́ọ̀sì lóru ọyẹ́ yìí. Atẹ́gùn hítà tó yẹ kó máa mú inú ọkọ̀ gbóná ń tutù bíi yìnyín, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ tó ní ikọ́ fée ń gbọ̀n lẹ́yìn, ìmí rẹ̀ sì ti ń há.

Fẹ́hìntọ́lá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn mẹkáníìkì ilé ló kọ́kọ́ dá lẹ́bi, torí wọ́n máa ń yọ tẹmosítáàtì, ohun tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè gbóná, sọnù pé ooru ilẹ̀ wa ti tó. Ṣùgbọ́n ó ti ra òmíràn, ó ti fi sí i. Omi pé. Ó fọwọ́ kan rọ́bà méjèèjì tó ń gbé omi gbígbóná lọ sí hítà, wọ́n jó o lọ́wọ́.

"Kí lo tún ń fẹ́ gan-an, ìwọ ọkọ̀ yìí?" Ó fi sípánà na irin.

"Tọ́lá, má bínú sí ọkọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Fún obìnrin iwájú yìí láṣọ. Ara rẹ̀ ló ń tutù."

"Màámi, kò sẹ́ni níwájú o!"

Ó tan tọ́ọ̀ṣì wọlé. Ìjókòó ṣófo lóòótọ́, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì rẹ̀ wà ní dídè, ó rí roboto bí ìgbà tó di àyà ènìyàn mú.

"Ó ní ibí lòun ti máa sọ̀kalẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí.

Bẹ́líìtì tú. Ilẹ̀kùn ṣí, ó sì rọra padé. Lójú ẹsẹ̀, ooru hítà rọ́ jáde lu Fẹ́hìntọ́lá lójú.

"Ó dàárọ̀ o," ni ìyá rẹ̀ kí òkùnkùn.

Láti inú igbó, ẹnìkan dáhùn.