Àmì Ṣọ́ọ̀kì

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni wọ́n ní kí ọmọbìnrin náà wà níwájú àwọn olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ẹni tó bá pẹ́ kò ní wọlé, ẹni tó bá sì ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kò gbọdọ̀ kọ̀wé sí wọn mọ́. Oṣù méjì ló kù kí òun náà pé e.

Omi ti gbé afárá títì ńlá lọ. Ọ̀nà ẹ̀yìn òkè ló kù, ọ̀nà tóóró tí mọ́tò kò lè gbà. Bàbá rẹ̀ ní kò le, òun á fi alùpùpù òun gbé e lọ. Ìrìn wákàtí mẹ́rin ni.

Mẹkáníìkì alùpùpù ni bàbá náà, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá ti di nọ́ọ̀tì kan tó le dáadáa, á fi ṣọ́ọ̀kì funfun fa ìlà láti orí nọ́ọ̀tì náà dé ara irin tó wà nídìí rẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì bá yí pẹ́rẹ́, ìlà á yẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn oníbàárà ṣe ń pè é ní Bàbá Ṣọ́ọ̀kì. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Kékeré, torí láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ló ti ń bá a ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Òun ló ń bá a ka nọ́ńbà ara irin, nísinsìnyí tí ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bàbá tú alùpùpù náà palẹ̀, ó tò ó padà, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì sí gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀.

"Èyí á gbé wa dé ọ̀run, á tún gbé wa padà," ló wí.

"Bàbá, ọ̀run kọ́ là ń lọ."

"Ilé-ẹ̀kọ́ là ń lọ. Ó tiẹ̀ ṣòro wọ̀ ju ọ̀run lọ."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ta ni yóò máa bá yín ka nọ́ńbà?"

"Màá ra awò tó nípọn. Má fi mí kẹ́wọ́."

Aago mẹ́fà ni wọ́n gbéra. Òtútù mú lórí òkè, bàbá sì ń rọra wa alùpùpù náà, ó ń yẹra fún òkúta. Kí ó tó di aago mẹ́jọ, sálẹ́ńsà, irin tí èéfín ń gbà jáde, bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ó sì já sílẹ̀. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti bọ́. Wọ́n dúró títí irin náà fi tutù, bàbá sì fi wáyà dì í.

"Gbágungbàgun ọ̀nà ni," ọmọ náà wí.

"Ọ̀nà kì í tú nọ́ọ̀tì mi."

Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, irin tí wọ́n fi ń ti jíà bọ́ sọnù. Bàbá fẹsẹ̀ rìn padà, ó ń wo inú koríko. Ọmọbìnrin náà ń wá a lápá kejì, kò sì kánjú. Nígbà tí bàbá rí irin náà, wọ́n ti fi bí ìṣẹ́jú àádọ́ta ṣòfò.

"Ẹ jẹ́ ká padà sílé, Bàbá. A ti pẹ́."

"A ò tíì pẹ́. Gùn ún."

Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì kú. Kábúrétọ̀ tó ń pín epo fún un ti dẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nu awò ojú rẹ̀, ó sì wo nọ́ọ̀tì náà. Ìlà ṣọ́ọ̀kì tó wà lórí rẹ̀ ṣe déédéé, kò yẹ̀ rárá. Ó fi ìka méjì yí i, ó yí. Ó mú sípánà, ó dán ti táyà méjèèjì àti ti bíréèkì wò. Gbogbo wọn le pinpin.

"Mo fi àmì sí ohun tí n kò dì," ló wí.

"Ó rẹ̀ yín lánàá ni."

"Kò rẹ̀ mí."

Ó di kábúrétọ̀ náà padà, ó sì tún un dì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù ń bà á, kì í sì í ṣe nítorí aago nìkan.

Aago méjìlá ti kọjá kí wọ́n tó dé. Géètì ti tì. Bàbá kúnlẹ̀ níwájú ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ọmọkùnrin tí kò tó ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí.

"Ẹ̀bi tèmi ni. Kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wọlé."

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Àwọn tó lè ṣí i ti lọ."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. Ó fa bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ títí ó fi dìde.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, bàbá fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó sì jókòó sẹ́yìn. Wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù. Oòrùn kò tíì wọ̀. Bàbá kó àwọn sípánà rẹ̀ jọ sínú àpótí, ó gun àga, ó sì yọ pátákó iṣẹ́ rẹ̀ tó wà lókè ilẹ̀kùn.

"Kí lẹ ń ṣe?"

"Mi ò tún fọwọ́ kan máṣíìnì ẹnikẹ́ni mọ́. Bó bá jẹ́ bíréèkì ni mo gbàgbé ńkọ́? Ǹ bá ti pa ọ́." Ó ti ilẹ̀kùn. "Mo ti ba ayé rẹ jẹ́, ọmọ mi. Má bínú."

Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló dìde ní ìdájí ọjọ́ náà, tó tú nọ́ọ̀tì mẹ́ta, tó sì tún ìlà wọn fà, nítorí ó dá a lójú pé bí òun bá fi bàbá òun sílẹ̀ lọ, ṣọ́ọ̀bù náà yóò tì.