Ìbéèrè Lórí Ìmọ́lẹ̀ Òṣùpá

Láàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Fátóyìnbó tó ń yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú ìwé atúmọ̀-èdè tún dé.

"Ó ku 'ìmọ́lẹ̀ òṣùpá'. Bí ọ̀dọ́ kan ò bá jẹ́rìí pé òun ti rí i, a ó pa á rẹ́. Màmá, ẹ má sọ ọ́ sí i létí o."

Ìyá àgbà mi wò mí.

"Mo ti rí i, sà. Abẹ́ rẹ̀ la ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí."

"Ṣé ó máa ń gbóná lára?"

Mi ò rí òṣùpá rí; mo rántí àwọn àtùpà tí wọ́n gbé kọ́ ojú ọ̀run, tó bò ó mọ́ wa lójú, tó sì ń jó wa tọ̀sán-tòru.

"Díẹ̀ ni, sà."

Ìyá àgbà dijú. Ọ̀gbẹ́ni náà pa á rẹ́.

"Ó máa ń tutù ni," ni Ìyá àgbà wí nígbà tó lọ. "Mi ò rántí sọ fún ẹ."