Orin Tí Kò Ní Ariwo

Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé bí ẹgbẹ́ Ìjì Ṣakí bá fẹ́ ṣeré, àwọn aládùúgbò á kọ́kọ́ kó ewúrẹ́ wọn wọlé. Ọdẹ́bùnmi ló ni ẹgbẹ́ náà. Òun ló ń ta gìtá, òun náà ló ń kígbe tí iṣan ọrùn rẹ̀ fi ń le, tí ojú rẹ̀ fi ń pọ́n, Jẹ́ẹ́dé onílù á sì máa fọ́ ìlù òyìnbó lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bú ìyá rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn wọn gan-an. Àmọ́ àwo méjì tí wọ́n ti ṣe kò tà, nígbà tó sì di ìparí ọdún 1978, Ọlágòkè tó ń gbé àwo wọn jáde n'Ìbàdàn pè wọ́n jókòó.

"Ariwo yìí tó gẹ́ẹ́," ni Ọlágòkè wí. "Ẹ lọ wá orin tí èèyàn lè máa fi imú kọ bó bá ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ ò bá rí i, kí kálukú yáa wá nǹkan mìíràn ṣe."

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dun Ọdẹ́bùnmi ju ti àwo lọ wà ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, Ọdẹ́wálé, òun nìkan sì ni ọmọkùnrin tó bí. Ọ̀dọ̀ ẹbí ìyá rẹ̀ ní Ṣakí ni Ọdẹ́bùnmi dàgbà sí, láàárín àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò, kò sì bá àwọn ọdẹ pé jọ rí láyé rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ ìbọn bàbá rẹ̀, tó gbé gìtá kọ́rùn, bàbá búra lójú gbogbo ẹbí pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní kan òkú òun. Kí èèyàn lọ́mọkùnrin láyé, kó má sì rí i sin ín! Ìtìjú ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára Ọdẹ́bùnmi. Ó gbà pé lọ́jọ́ tí orúkọ òun bá kàn, bàbá yóò yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Nítorí náà, nígbà tí orin di àwárí, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ló gbà lọ. Ó bá bàbá níwájú ilé. Arúgbó náà ti rù, ó ń wúkọ́, ó sì ti fi ìbọn rẹ̀ ta ọmọ àbúrò rẹ̀ lọ́rẹ.

"Ẹ kúulé o, Bàbá."

"Ariwo yẹn náà lo tún gbé wá síbí?"

"Rárá o, Bàbá. Orin ni mo wá tọrọ. Èyí tó tutù."

"Èyí tó tutù," ni bàbá tún un wí. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀pá, ó ní kó máa tẹ̀ lé òun lọ sí abà.

Kò fẹ́ kọ́ ọ nínú ilé. Abẹ́ igi ẹmi lẹ́bàá abà ni wọ́n jókòó sí. Orin náà kò gùn: ẹnìkan ló ń bá olólùfẹ́ rẹ̀ dé etí odò, ó ní òun ti di oúnjẹ sí i lápò, ó ní kó máa lọ, ọ̀nà ti mọ́. Ohùn rẹ̀ ń gòkè jẹ́jẹ́, ó sì ń rọ̀ wálẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Ọdẹ́bùnmi bá ti fẹ́ ké e, bàbá á fi ọ̀pá gbálẹ̀.

"Má pariwo. Ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ fún kì í fẹ́ ariwo."

Nígbà tó mọ̀ ọ́n tán, bàbá ní, "Máa kọ ọ́ fún gbogbo ayé. Àmọ́ má kọ ọ́ lójú mi mọ́."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Ṣé èmi ò mọ̀ ọ́n ni?"

Ọdẹ́bùnmi rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀. Ó wá mọ́kàn le, ó béèrè: "Bàbá, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ níjọ́sí ńkọ́?"

"Èmi kì í yí ọ̀rọ̀ mi padà," ni bàbá wí. Ó sì fọwọ́ gbá eruku kúrò léjìká ọmọ rẹ̀.

Jẹ́ẹ́dé fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú kúrò lẹ́gbẹ́. Ó ní orin arúgbó lèyí, ó ju igi ìlù sílẹ̀. Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lásán lu ìlù náà, ibẹ̀ gan-an sì ni àwo tuntun ti dáa. Gbogbo orin tó kù ló gba ọ̀nà jẹ́jẹ́ yẹn.

Àwo náà tà bí ẹni ń ta omi lọ́gbẹlẹ̀. Àwọn ahunṣọ n'Ìsẹ́yìn ń fi imú kọ ọ́ nídìí òfì. Wọ́n ń fi sin ìyàwó lọ sílé ọkọ. Lọ́jọ́ kan tí Ọdẹ́bùnmi wà ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta àwo n'Ìsẹ́yìn, ọdẹ àgbà kan ń kọjá lọ, ó gbọ́ orin náà, ó ṣí fìlà, ó sì dúró títí ó fi parí. Ó bi í bóyá òun ló kọ ọ́. Ọdẹ́bùnmi ní òun ni.

"Ọmọ gidi ni ọ́," ni ọdẹ náà wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló kì í láyà. Ó ra aṣọ òkè tó dáa fún bàbá, ó wọ mọ́tò, ó sì ń to ohun tí yóò sọ sọ́kàn títí tó fi dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Kò tíì dé ilé tó ti ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Gírámafóònù wà lágbàlá, àwo rẹ̀ ń yí lórí rẹ̀, àwọn ọdẹ ìlú sì jókòó yí i ká, kò sẹ́ni tó dé fìlà. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá ti gbà!

Ó ń wá ẹni tí yóò dọ̀bálẹ̀ fún. Mákindé, olórí ọdẹ, ló dìde wá pàdé rẹ̀, ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá mi dà?"

"Ìrèmọ̀jé lorin yìí, ọmọ ọdẹ ló sì ń kọ ọ́ lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá rẹ̀," ni Mákindé wí, "bàbá rẹ ló ní ká má ránṣẹ́ pè ọ́ nígbà tí a ń sin òun níjẹta, torí pé ìwọ ti sin òun tán kí òun tó kú."