Ibùsùn Méjì ní Lẹ́mbàkì

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni ohùn tó ń ṣètò ìrìn àjò pè mí láti Lẹ́mbàkì, abúlé orí òkè kan ṣoṣo tí yìnyín ṣì kù sí ní gbogbo Yúróòpù. Ẹ̀rọ ni, àmọ́ Yorùbá ẹnu rẹ̀ dùn ju tèmi lọ.

"Ẹ kú oríire, ó ti kàn yín. Ọdún méje lẹ fi dúró. Ọjọ́ kan péré lẹ ní lórí yìnyín. Ṣé ẹ fẹ́ fi pákó tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí rẹ̀ ni, àbí ẹ ó fẹsẹ̀ rìn?"

"A ó fẹsẹ̀ rìn."

Dìípọ̀ olólùfẹ́ mi ló yan ìyẹn. Ó ní tí òun bá ṣubú lórí pákó, màá fi òun rẹ́rìn-ín títí a ó fi darúgbó.

"Ẹ mú ẹ̀wù tó nípọn dání. Mo ti tẹ́ ibùsùn méjì sílẹ̀ dè yín."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀wọ̀ ló fi ń pè mí ní ẹ̀yin. Àwa méjèèjì ló ń bá sọ̀rọ̀, láti oṣù tí a ti sin Dìípọ̀, kò sì sẹ́ni tó tún bá àwa méjèèjì sọ̀rọ̀ mọ́. Mo fẹ́ kó máa sọ ọ́ lọ.

"Kí ẹnì kejì náà dáhùn, kí n lè fi ibùsùn rẹ̀ pamọ́ fún un."

Mo gbé fóònù sórí àga tí Dìípọ̀ máa ń jókòó sí. Èmi àti ẹ̀rọ náà jọ dúró.

Nígbà tó pẹ́, ó rọra ní, "Ó dáa. Mú ẹ̀wù tó nípọn dání. Mo ti tẹ́ ibùsùn rẹ sílẹ̀ dè ọ́."